Àwọn Tó Ń Díye Lé Iná Ti Sún Mọ́ Ilé: Ǹjẹ́ Ìdílé Yín Ti Múra Sílẹ̀?

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, nígbà tí ìsìn parí tí àwọn ará ń kí ara wọn lẹ́nu ọ̀nà, a rí ìyá kan nínú ìjọ tí wọ́n dá jókòó sórí àga ẹ̀yìn, tí wọ́n ń fi etí gèlè nu ojú. Ẹja òkú Èkó ni ìyá yìí ń tà, òwò náà ni wọ́n sì fi tọ́ ọmọ mẹ́rin láti ìgbà tí ọkọ wọn ti sùn nínú Olúwa. A rò pé ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní rárá, pé ẹja ló bà jẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́, odindi páálí mẹ́fà. Wọ́n ti sọ fún àdúgbò wọn pé wọ́n wà ní ìsọ̀rí kìn-ín-ní tí yóò máa rí iná fún ogún wákàtí lóòjọ́. Nítorí ìlérí yìí ni ìyá ṣe ta jẹnẹrétọ̀ wọn, tí wọ́n sì fi owó rẹ̀ kún ọjà. Kò pẹ́ sí i ni iná lọ, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò sì fi dé. Nígbà tó máa fi padà, omi ẹja ti ṣàn dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń san lórí yúnìtì iná kan kò fi kọ́bọ̀ dín.

Ìbéèrè kan ni ìyá bi wá: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ni ó ń díye lé iná yìí, ibo ni a sì ti lè rí i bá sọ̀rọ̀?"

A kò rí èsì fọ̀ wọ́n lọ́jọ́ náà, ojú sì tì wá. Lóòótọ́ ni a gbàdúrà pẹ̀lú wọn, tí àwọn ará sì dá owó díẹ̀ jọ kí òwò ìyá má bàa wó. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn wa. A tọ àwọn tó mọ̀ nípa iṣẹ́ iná lọ, a ka ohun tí òfin wí, a sì wo àwọn àṣẹ tí ìjọba ti gbé jáde. Ohun tí a rí ni pé ẹni tó ń díye lé iná kò jìnnà sí wa mọ́ bíi ti àtijọ́. Ó ti ń bọ̀ wá sí olú ìlú ìpínlẹ̀ wa, àwọn ìpinnu tó fẹ́ ṣe lórí iná yóò sì wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ gbogbo ìdílé. Nítorí náà ni a ṣe ní kí a jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú yín.

IBI TÍ A TI Ń BỌ̀

Ní ọdún 1896, láyé àwọn òyìnbó amúnisìn, ni iná mànàmáná kọ́kọ́ tàn ní Èkó. Nígbà tó di ọdún 1972, ìjọba àpapọ̀ da iléeṣẹ́ iná tí wọ́n ń pè ní ECN pọ̀ mọ́ iléeṣẹ́ tó ń bójú tó dáàmù odò Ọya, wọ́n sì sọ orúkọ rẹ̀ ní NEPA. Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní ogójì ọdún kò nílò kí a júwe NEPA fún yín. Àní títí di òní, bí iná bá dé, ọmọdé tí a kò tíì bí láyé NEPA ni yóò kọ́kọ́ pariwo orúkọ rẹ̀ láàárín ọgbà.

Láyé ìgbà náà, iléeṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń pèsè iná, òun ló ń gbé e lórí wáyà, òun ló ń tà á, òun náà ló sì ń gbowó. Bí ó bá ṣe ọ́ níbi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni wàá ti lọ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ní ọdún 2005 ni òfin tuntun dé. PHCN rọ́pò NEPA, ìjọba sì dá àjọ kan tí à ń pè ní NERC sílẹ̀, kí ó máa ṣe onídàájọ́ láàárín ẹni tó ń ta iná àti ẹni tó ń rà á. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, wọ́n fa iṣẹ́ pípín iná lé àwọn oníṣòwò lọ́wọ́. Iléeṣẹ́ mọ́kànlá ló pín orílẹ̀-èdè yìí mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Méjì nínú wọn ló pín Èkó. Èyí tó fìdí kalẹ̀ sí Ìbàdàn ló mú Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn àti Kwara, nígbà tí èyí tó fìdí kalẹ̀ sí Benin mú Oǹdó àti ọ̀pọ̀ ibi ní Èkìtì. Ìjọba àpapọ̀ di iṣẹ́ gbígbé iná lórí àwọn wáyà ńláńlá mú sí ọwọ́ ara rẹ̀.

Ní ọdún 2020 ni wọ́n pín gbogbo àwa tí à ń ra iná sí ìsọ̀rí márùn-ún, gẹ́gẹ́ bí iye wákàtí tí a ń rí iná. Ìsọ̀rí A ni àwọn tó yẹ kó rí iná fún ogún wákàtí ó kéré tán lóòjọ́. Ìsọ̀rí B jẹ́ wákàtí mẹ́rìndínlógún, C jẹ́ méjìlá, D jẹ́ mẹ́jọ, E sì jẹ́ mẹ́rin. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2024, NERC kéde pé owó yúnìtì kan fún ìsọ̀rí A fò láti nǹkan bíi 68 náírà sí 225 náírà. Ní oṣù kárùn-ún wọ́n dín in sí 206.80, ní oṣù keje wọ́n sì tún gbé e sí 209.50. Gbogbo wa la rántí ariwo tó sọ nígbà náà. Onílé ń bá ayálégbé jà, ayálégbé ń bá ara wọn jà, nítorí ẹni tó ń lo fíríjì àti ẹni tó ń lo gílóòbù kan ṣoṣo jọ ń dá owó mítà kan.

KÍ LÓ MÚ KÍ IYE YÌÍ GA TÓ BẸ́Ẹ̀?

Kò dára kí a máa bínú sí ohun tí a kò wádìí. Ọ̀pọ̀ nínú iná tí à ń lò ní Nàìjíríà ni wọ́n ń fi gáàsì pèsè. Iye dọ́là ni wọ́n ń dá lé gáàsì náà, nígbà tí náírà sì wálẹ̀ ní ọdún 2023, owó gáàsì gòkè. Iná tó jáde láti ibi ìpèsè yóò gun wáyà ńlá ti ìjọba àpapọ̀, kí ó tó bọ́ sọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń pín in dé ojúlé wa. Ẹnì kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà yìí ló ń gba owó tirẹ̀, ìjọba sì tún ń gba owó orí ọjà, náírà méje ààbọ̀ lórí ọgọ́rùn-ún.

Iná náà fúnra rẹ̀ kò sì tó. Èyí tó pọ̀ jù lọ tí wọ́n tíì gbé lórí wáyà orílẹ̀-èdè títí di oṣù kẹta ọdún 2025 lé díẹ̀ ní 5,800 mẹ́gáwáàtì, fún orílẹ̀-èdè tí ènìyàn inú rẹ̀ lé ní igba mílíọ̀nù. Ní ọdún 2024 nìkan, wáyà orílẹ̀-èdè dákú ju ìgbà mẹ́wàá lọ, tí gbogbo ìlú sì bọ́ sínú òkùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Èyí tó wá kan gbogbo wa ni iná tí a jí. Iná tí ẹnì kan bá tàn láìsanwó kì í ṣe ọ̀fẹ́. Bí wọ́n bá ń ṣírò iye tí a ó san, wọ́n máa ń fi apá kan nínú iná tó ṣòfò àti èyí tí a kò sanwó rẹ̀ kún un. Ẹni tó ń san ni ó ń ru ẹrù ẹni tí kò san.

OHUN TÓ YÍ PADÀ NÍ ỌDÚN 2023

Tẹ́lẹ̀ rí, ìwé òfin ilẹ̀ wa kò jẹ́ kí ìpínlẹ̀ dá sí ọ̀rọ̀ iná níbi tí wáyà orílẹ̀-èdè bá ti dé. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe ìwé òfin tó ká ìdènà yẹn kúrò. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí Òfin Iná Mànàmáná tuntun. Òfin yìí ní bí ìpínlẹ̀ kan bá ti ṣe òfin tirẹ̀, tó dá àjọ tirẹ̀ sílẹ̀, tó sì kọ̀wé sí NERC, kí NERC fa àṣẹ lé e lọ́wọ́ láàárín oṣù mẹ́fà. Láti ìgbà náà lọ, àjọ ìpínlẹ̀ náà ni yóò máa fún àwọn oníṣòwò iná ní ìwé àṣẹ, òun ni yóò máa díye lé iná tí wọ́n ń tà fún aráàlú, òun ni yóò sì máa gbọ́ ẹjọ́.

Èkìtì àti Oǹdó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba àṣẹ yìí ní ọdún 2024. Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó náà sì ti wọ inú ètò yìí. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà. Ẹjọ́ tí à ń wo Àbújá fún ti di èyí tí ọmọ Èkìtì lè gbé lọ sí Adó, tí ọmọ Oǹdó lè gbé lọ sí Àkúrẹ́, tí ará Ọ̀yọ́ lè gbé lọ sí Ìbàdàn. A kò lè wí pé ọ̀nà jìn mọ́.

Àmọ́ ṣá o, kì í ṣe gbogbo agbára ló kúrò ní Àbújá. Wáyà ńlá tó so orílẹ̀-èdè pọ̀, àti iná tí wọ́n ń tà láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, ṣì wà lábẹ́ NERC. Bí ìpínlẹ̀ kan bá ń ra iná lórí wáyà yẹn, kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ iye tí òun yóò rà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di ọ̀rọ̀ yìí mú, nítorí a óò padà sórí rẹ̀.

ÌPINNU WO LÓ Ń BỌ̀?

Ohun mẹ́rin ni a rí tó wà níwájú àwọn àjọ ìpínlẹ̀ wọ̀nyí, tó sì yẹ kí ìdílé kọ̀ọ̀kan máa ṣọ́.

Èkíní ni iye owó fúnra rẹ̀. Àjọ ìpínlẹ̀ lè yẹ ìwé ìṣirò iléeṣẹ́ tó ń pín iná wò, kí ó béèrè ìdí tí owó ọkọ̀, owó oṣù àwọn ọ̀gá, tàbí àdánù wọn fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ó sì yọ èyí tí kò yẹ kúrò lọ́rùn oníbàárà.

Èkejì ni owó ìrànwọ́. Ọ̀pọ̀ tó wà ní ìsọ̀rí B títí dé E kò mọ̀ pé iye tí àwọn ń san kò tó iye tí iná náà ń náni. Ìjọba àpapọ̀ ló ń gba ìyókù rù, ní ọdún 2024 sì nìyí, ẹrù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tírílíọ̀nù méjì náírà. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba ẹrù rù kò tètè san án. Gbèsè àwọn tó ń pèsè iná gòkè títí dé ibi tí ìjọba fi fọwọ́ sí ètò láti yá tírílíọ̀nù mẹ́rin ní ọdún 2025. Bí àṣẹ bá ti dé ọwọ́ ìpínlẹ̀, ìbéèrè náà yóò tẹ̀lé e wálé: ta ni yóò san ìyókù? Ṣé ìpínlẹ̀ ni? Ṣé kí a ran gbogbo ènìyàn lọ́wọ́ ni, tàbí àwọn opó àti mẹ̀kúnnù nìkan?

Ẹ̀kẹta ni mítà. Nígbà tí ọdún 2024 ń parí lọ, àwọn oníbàárà tó ní mítà ní Nàìjíríà kò tó ìdajì. Àwọn ìyókù ń gba bíìlì àfojúdíwọ̀n, èyí tí ẹnì kan jókòó sí ọ́fíìsì kọ. Àjọ ìpínlẹ̀ yóò pinnu iye mítà tí iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi sílé àwọn ènìyàn lọ́dọọdún, àti ìyà tí yóò jẹ bí kò bá ṣe é.

Ẹ̀kẹrin ni àwọn ìlú àti abúlé tí wáyà kò tíì dé, tàbí tí wáyà dé tí iná kò gbà á kọjá. Àjọ ìpínlẹ̀ lè fún oníṣòwò kékeré ní àṣẹ láti fi oòrùn tàbí gáàsì pèsè iná fún ìlú kan tàbí ọjà kan láìgba orí wáyà orílẹ̀-èdè. Èyí lè jẹ́ ìtura ńlá. Ó sì lè di ìnira bí ẹnì kan ṣoṣo bá gba gbogbo ìlú mú, tí kò sí ẹni tó ń bi í léèrè iye tó ń tà.

Ẹ̀KỌ́ TÍ A RÍ KỌ́ LÁTI ENUGU

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn aládùúgbò wa ní ìhà ìlà-oòrùn. Ìpínlẹ̀ Enugu wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba àṣẹ. Ní oṣù keje ọdún 2025, àjọ ìpínlẹ̀ náà yẹ ìṣirò wò, ó sì pàṣẹ pé kí owó ìsọ̀rí A wálẹ̀ láti nǹkan bíi 209 náírà sí 160 náírà, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹjọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní ẹ rí i, ó ṣeé ṣe.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń pèsè iná kígbe pé iye tí Enugu fi ṣe ìṣirò fún iná tí wọ́n ń rà kò tó iye tó ń ná àwọn láti pèsè rẹ̀, pé owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n gbójú lé. NERC náà sọ̀rọ̀, ó ní ìpínlẹ̀ kò ní agbára lórí ohun tó wà lórí wáyà orílẹ̀-èdè, àti pé ìpínlẹ̀ tó bá dín iye kù gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí yóò san ìyókù.

A kò sọ èyí láti ta omi tútù sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, àjọ tó sún mọ́ni lè yẹ ìwé wò kí ó sì gbèjà oníbàárà lóòótọ́. Èkejì, ẹni tó bá ṣe ìlérí iná olówó pọ́ọ́kú fún wa, ẹ jẹ́ kí a bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ta ni yóò san ìyókù?" Bí kò bá rí ìdáhùn, ọ̀rọ̀ ìbò ló ń sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ iná.

Ẹ̀TỌ́ YÍN KÒ SÙN

Ohun tó bà wá nínú jẹ́ jù nínú ìwádìí wa ni pé ọ̀pọ̀ ẹ̀tọ́ ni a ti ní láti ọjọ́ pípẹ́ tí a kò lò. Ìlànà tí NERC ti fi lélẹ̀ fún ẹ̀tọ́ oníbàárà sọ pé a kò gbọdọ̀ já iná ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ fún un ní ìwé ìkìlọ̀. Ó sọ pé ẹni tí kò ní mítà, tó sì ń jiyàn bíìlì tí wọ́n gbé wá, kò gbọdọ̀ jẹ́ dandan fún un láti san èyí tó ń jiyàn lé lórí. Iye tó wà lórí bíìlì ìkẹyìn tí kò sí àríyànjiyàn nínú rẹ̀ ni yóò san títí wọn yóò fi yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ó tún sọ pé ẹni tí wọ́n bá gbowó jù lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ìdápadà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní oṣù kejì ọdún 2024, NERC bu owó ìtanràn tó lé ní bílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lé àwọn iléeṣẹ́ tó ń pín iná, nítorí bíìlì àfojúdíwọ̀n tó kọjá òṣùwọ̀n.

Ẹ gbọ́ ti tiransifọ́mà pẹ̀lú. Mélòó nínú yín ni wọn kò tíì bá dáwó tiransifọ́mà tàbí òpó iná rí ládùúgbò? Ìlànà sọ pé kì í ṣe ojúṣe oníbàárà tàbí àdúgbò láti ra tiransifọ́mà, òpó tàbí wáyà, tàbí láti tún un ṣe. Bí àdúgbò bá rí i pé àwọn kò lè dúró, tí wọ́n sì fẹ́ rà á, kí wọ́n kọ́kọ́ bá iléeṣẹ́ iná ṣe àdéhùn lórí ìwé, tí yóò fi bí wọn yóò ṣe dá owó náà padà hàn. Láìsí ìwé yìí, bí tiransifọ́mà náà bá ti gun orí òpó, ó ti di tiwọn nìyẹn, owó yín sì ti bá omi lọ. A mọ àdúgbò kan tí àwọn ará wa dá owó bẹ́ẹ̀ fún odidi ọdún kan, tí ìyá arúgbó kan ta ewúrẹ́ mọ́ ọn. Kò sí ẹni tó béèrè ìwé kankan.

Ní ti àwọn tó wà ní ìsọ̀rí A, àṣẹ tó jáde ní ọdún 2024 sọ pé bí iléeṣẹ́ kò bá pé wákàtí tó ṣèlérí fún ọjọ́ méjì léra wọn, ó gbọ́dọ̀ ṣàlàyé fún gbogbo ayé. Bí ó bá tó ọjọ́ méje léra wọn, wọ́n gbọ́dọ̀ já àdúgbò náà wálẹ̀ sí ìsọ̀rí tó bá iná tí wọ́n ń rí mu. Ní àwọn ìpínlẹ̀ tó ti gba àṣẹ, àjọ tiwọn ni yóò máa ṣe irú ìlànà báyìí, nítorí náà ẹ béèrè tiyín.

ÀPÁ TIWA ŃKỌ́?

Bí a bá ń béèrè òdodo, kí ọwọ́ tiwa náà mọ́. A fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí láìfi bọ́tà sí i. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ti gba ẹ̀yìn mítà so wáyà. Ìyẹn fíríjì àti áyọ̀n kò gba inú mítà kọjá. Àwọn kan ń fún òṣìṣẹ́ iná ní nǹkan lábẹ́lẹ̀ kí ó má bàa rí i. Ẹ̀yin ará, olè ni olè ń jẹ́, òfin ilẹ̀ wa sì ka á sí ẹ̀ṣẹ̀ tó ní ìjìyà. Ẹni tó ń jí iná fi ẹrù lé opó tó wà ní ojúlé kejì lórí. Báwo ni ẹni bẹ́ẹ̀ yóò ṣe dìde ní ìpàdé ìlú láti sọ̀rọ̀ nípa òṣùwọ̀n èké?

Ọ̀rọ̀ náà kan ilé ìsìn pẹ̀lú. Kí àwọn tó ń bójú tó owó ìjọ máa wo mítà, kí wọ́n sì máa san bíìlì lásìkò. Ohùn tí a ń fi ẹ̀rọ gbé jáde lóru, iná tí a jó ni, ẹnì kan ló sì gbọ́dọ̀ sanwó rẹ̀.

ÌṢIRÒ INÚ ILÉ

Kí àwọn ìpinnu ńlá tó dé, ìpinnu kékeré wà lọ́wọ́ wa nínú ilé. Ẹ jẹ́ kí a fi 209.50 náírà tí a mẹ́nu bà ṣe ìṣirò. Bí ẹ bá ra iná ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà, tí wọ́n yọ owó orí ọjà, nǹkan bíi yúnìtì mẹ́rìnlélógójì ni ẹ óò rí. Kí ni yúnìtì kan lè ṣe? Áyọ̀n tó jẹ́ 1,000 wáàtì yóò jẹ ẹ́ tán bí ó bá gbóná fún wákàtí kan. Fáànù tó jẹ́ 75 wáàtì yóò lò ó fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́tàlá.

Ẹ tún wo gílóòbù. Gílóòbù àtijọ́ tó jẹ́ 60 wáàtì, bí ó bá ń tàn fún wákàtí mẹ́wàá lóòjọ́, yóò jẹ yúnìtì méjìdínlógún lóṣù, ìyẹn 3,771 náírà. Gílóòbù LED tó jẹ́ 9 wáàtì, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò kéré sí ti àkọ́kọ́, kò ní jẹ tó yúnìtì mẹ́ta, owó rẹ̀ kò sì ní tó 600 náírà. Ilé tó bá ní gílóòbù àtijọ́ márùn-ún ń da owó oúnjẹ ọmọ nù lóṣooṣù. Ẹ lọ aṣọ ọ̀sẹ̀ kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wo rọ́bà tó wà létí ilẹ̀kùn fíríjì bí ó bá ti jáwọ́. Kí ẹnì kan nínú ilé, bóyá ọmọ tó mọ ìṣirò, máa kọ nọ́ńbà orí mítà sínú ìwé ní alaalẹ́ Sátidé. Ìwé yẹn ni ẹ ó fi jẹ́rìí lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dé.

OHUN TÍ A GBÀ YÍN NÍMỌ̀RÀN

Ẹ wádìí bóyá ìpínlẹ̀ yín ti gba àṣẹ, kí ẹ sì mọ ibi tí ọ́fíìsì àjọ náà wà. Bí àjọ bá fẹ́ yí iye iná padà, a máa ń kéde rẹ̀, a sì máa ń pe aráàlú láti wá sọ tẹnu wọn. Ìpàdé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń kún fún àwọn agbẹjọ́rò iléeṣẹ́, nígbà tí àga àwọn tó ń ra iná ṣófo. Kí ẹgbẹ́ àwọn ìyá, ẹgbẹ́ àwọn baba, ẹgbẹ́ aránṣọ, onírun àti àwọn wẹ́dà tó wà láàárín wa yan ẹni méjì tí yóò lọ. Kí wọ́n mú ìwé dání, kì í ṣe ìbínú nìkan.

Bí ẹjọ́ bá wà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ́fíìsì iléeṣẹ́ iná tó sún mọ́ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ mú un lọ, kí ẹ sì gba ìwé pé wọ́n rí i gbà. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àjọ. Ẹjọ́ tí a fi ẹnu sọ fún òṣìṣẹ́ tó gun àkàbà, afẹ́fẹ́ ni yóò gbé e lọ.

A padà sọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́ja. A jókòó tì wọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù, a bá wọn kọ lẹ́tà. Wọ́n rántí ọjọ́ àti wákàtí tí iná lọ, wọ́n rántí iye páálí tó bà jẹ́, wọ́n sì ní rìsíìtì ibi tí wọ́n ti rà á. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn fọwọ́ sí i: ẹni tó ń ta yìnyín, ẹni tó ń gẹ irun, àti oníṣègùn òyìnbó kékeré tí oògùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù. Nígbà tí a ń kọ èyí, èsì kò tíì dé. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n fi gba lẹ́tà náà wà nínú àpò ìyá, òǹtẹ̀ ọ́fíìsì sì wà lórí rẹ̀.

"Ó kéré tán," ni ìyá wí, "wọ́n ti mọ̀ pé mo wà."

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìpinnu ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó fẹ́ ṣe é mọ̀ pé a wà. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kú nínú ilé wa o.